Bonaire: ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ omi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹni tó bá ń retí igbó kìjikìji àti òjò wẹliwẹli yóò pòṣé tó bá dé Bonaire. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ gan-an ni. Ọrọ́ tó ga ju ènìyàn lọ ló wà káàkiri, pẹ̀lú igi ẹlẹ́gùn-ún tí atẹ́gùn ti tẹ̀ sí apá kan, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò ní olúwa, tó ń dá rìn lójú títì. Kò burú. Ohun tí a bá wá kò sí lórí ilẹ̀.

Òkun Karibeani ni erékùṣù yìí wà, kò jìnnà sí Venezuela. Láti ọdún 2010 ló ti wà lábẹ́ ìjọba Netherlands tààrà, síbẹ̀ dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti 2011. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru, nítorí náà ìgbì a máa lu àpáta ní ẹ̀yìn erékùṣù náà ṣáá, ṣùgbọ́n apá ìwọ̀-oòrùn a dákẹ́ rọ́rọ́. Apá ibẹ̀ ni gbogbo òmòòkùn ń lọ.

Kí a tó wo yàrá tí a máa sùn sí rárá la ti gba ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù, o gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ ojú omi, kí o tẹ̀lé aago ẹlòmíràn, kí o sì wọ omi pẹ̀lú èrò tí o ò mọ̀ rí. Ní Bonaire, o máa to sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, o máa wa ọkọ̀ lọ lẹ́bàá òkun, títí o fi máa rí òkúta tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí lára. O páàkì, o wọ ẹ̀wù, o rìn wọnú omi. Ìyẹn ló mú mi yan ibẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa lé mi kiri lábẹ́ omi.

Ẹni tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kìlọ̀ fún wa pé ká má fi nǹkan kan sínú ọkọ̀ nígbà tí a bá wà lábẹ́ omi, ká sì fi wíńdò sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí olè lè rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kó má fọ́ gíláàsì.

Àbúrò mi fẹ́ wọ omi lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáà wo bí omi yẹn ṣe mọ́." Mo ní kó lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú

Kò sí ẹni tó ń mòòkùn níbí láìkọ́kọ́ jókòó gbọ́ òfin. Gbogbo omi tó yí Bonaire ká ti di ọgbà ìpamọ́ láti 1979, láti etí omi títí dé ibi tó jìn tó 60 mítà. A san owó ọgbà, wọ́n sì ka òfin sí wa létí: a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iyùn, ẹ̀dá abẹ́ òkun tó ń le bí òkúta, a ò gbọ́dọ̀ dúró lé e, a ò gbọ́dọ̀ mú ìkarawun kankan lọ, ì báà jẹ́ òkú. A ò sì gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àbúrò mi bá wọn jà lé lórí díẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ kì í rò ó kó tó di nǹkan mú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní òfo máa ń fi ọ̀wọ̀ fún àyíká. Mo fara mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká wọ omi iwájú ilé ìtura kí wọ́n lè rí i pé a mọ iṣẹ́. Gbogbo wàhálà ibẹ̀ kò ju ti òjé lọ. Aṣọ rọ́bà a máa léfòó, nítorí náà o nílò òjé ní ìbàdí láti wọlẹ̀. Bó bá kéré, wàá máa léfòó bí o ṣe ń làkàkà tó; bó bá pọ̀, wàá máa wọ́ nílẹ̀, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ á sì máa gbá iyùn fọ́. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé: tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù tó ń gbé ọ léfòó sílẹ̀ pátápátá, mí sínú bó ṣe yẹ, kí omi dúró ní déédéé ojú rẹ. Tí o bá wá mí síta, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo yọ òjé méjì lára àbúrò mi. Ó ní òun kò ní í wọlẹ̀. Ó mí síta, orí rẹ̀ pòórá.

Omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́, ó mọ́ débi pé mo ń rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wẹ̀ lókè wa láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a jáde, afẹ́fẹ́ àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tèmi ṣì ku ìdajì. Ó bínú. Mo ṣàlàyé fún un pé lójú omi, ìwọ̀n ìfúnpá kan ló wà lára ènìyàn. Ní mítà 10, ó di méjì. Ní mítà 20, ó di mẹ́ta. Bí o bá ṣe jìn sí, bẹ́ẹ̀ ni èémí kan ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i láti inú sílíńdà. Òun sì tún ń fi ọwọ́ wa omi kiri. Mo ní kó ká ọwọ́ mọ́ra, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, kó sì mí síta pẹ́ ju bó ṣe ń mí sínú lọ. Ìmọ̀ràn yìí ni mo ń tún sọ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ajé

1000 Steps ni wọ́n ń pe ibi tí a lọ láàárọ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún rárá, ẹ kàn sọ̀kalẹ̀ láìgbé nǹkan kan, ẹ ó rí i pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gòkè padà pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn, òjé ní ìbàdí àti aṣọ rọ́bà tó ti mu omi, ẹ ò ní í bá ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ jiyàn mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti iyùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé o ò nílò láti jìn. Ní mítà 5 sí 12 ni ayé wà. Níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣì ti pọ̀, tí àwọ̀ pupa kò tíì kú pátápátá. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà ọsàn, lẹ́yìn náà ìyeyè, títí gbogbo nǹkan á fi di búlúù. Àwọn tó ń sáré lọ sí mítà 30 nítorí kí wọ́n lè sọ pé àwọn dé ibẹ̀, a máa padà wá pẹ̀lú fọ́tò búlúù àti sílíńdà òfo.

A dúró lójú kan. Kò pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Ẹja ayékòótọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ le bíi ti ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì fi ń họ ewédò lára àpáta iyùn. Bó ṣe ń họ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń gé òkúta mọ́ ọn, inú rẹ̀ á wá lọ òkúta náà kúnná. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan tó ní àwọ̀ ewé àti pupa fún ìgbà díẹ̀. Ó họ, ó tún họ, ó wá gbé ìrù sókè, ó sì da iyanrìn funfun sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú omi. Ọ̀pọ̀ iyanrìn funfun tí àwọn èèyàn ń sùn sí létí òkun ilẹ̀ olóoru, ibẹ̀ ló ti wá. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín débi pé omi wọ inú dígí ojú rẹ̀.

Lálẹ́, a padà sí omi. Òṣùpá ti kún ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì ti ṣírò rẹ̀ kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ní ọjọ́ méjì sí márùn-ún lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, bí oòrùn bá wọ̀ tán, tí òkùnkùn sì kún kí òṣùpá tó yọ, àwọn ẹ̀dá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ostracod a máa jáde. Ẹbí edé ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò tóbi ju hóró yanmọtí lọ. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí mítà 6, a pa tọ́ọ̀ṣì. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan. Àbúrò mi di apá mi mú. Ibi tó tó bíi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, àmì búlúù kan tàn lókè orí iyùn rírọ̀, òmíràn tàn lókè rẹ̀, òmíràn tún tàn, ó ń gòkè bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀ nínú òkùnkùn. Akọ ló ń tú ìmọ́lẹ̀ yẹn sílẹ̀ kí abo lè mọ ibi tó wà. Kò pẹ́, ìlà ìmọ́lẹ̀ ti kún ọ̀tún àti òsì wa, lókè àti nísàlẹ̀. Tí a bá tan tọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ á dópin, nítorí náà a ò tàn án títí gbogbo rẹ̀ fi tán fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a wá tàn án, ẹja tarpon kan tó gùn tó ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ti kọ́gbọ́n láti máa fi tọ́ọ̀ṣì àwọn òmòòkùn ṣọdẹ: ẹja tí o bá tan iná sí lójú, òun ni wọ́n máa gbé. Ó kọjá lábẹ́ apá mi, ó gbé ẹja kékeré kan tí mo ń wò, ó lọ. Mo kẹ́dùn rẹ̀, àmọ́ kò sí nǹkan tí mo lè ṣe mọ́. Lábẹ́ àpáta, mo rí ẹja ayékòótọ́ kan tó ti sùn nínú àpò ọ̀rá tó fi ikun ara rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Hilma Hooker. Ọkọ̀ ojú omi yìí gùn tó mítà 72. Netherlands ni wọ́n ti kàn án ní 1951. Ní 1984, ẹ̀rọ rẹ̀ kọṣẹ́, wọ́n wọ́ ọ wá sí Bonaire. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n mú ìwé ọkọ̀ wá, ìwé kò sí. Wọ́n wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n rí ògiri kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ògiri náà sì kún fún igbó tí wọ́n ń fà bíi sìgá, tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Olówó rẹ̀ kò jẹ́ yọjú. Ọkọ̀ náà ń jò, wọ́n wọ́ ọ kúrò ní èbúté kó má baà rì síbẹ̀, ó sì rì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1984, sáàárín òkìtì iyùn méjì, lórí iyanrìn gbalasa, níbi tó dára jù fún àwọn òmòòkùn. Àwọn kan ní kì í ṣe kòńgẹ́. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ ní mítà 30, ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní nǹkan bíi mítà 18. Níbi tó jìn tó 30, tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán lo ń mí, o ò ní ju ìṣẹ́jú 20 lọ kí gáàsì nitrogen tó pọ̀ jù lára. Nitrox la gbà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún tiwa. Ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà tirẹ̀, ọ́síjìn tó pọ̀ nínú ibú a máa di májèlé, nítorí náà mo wọn ohun tó wà nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan fúnra mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ náà síwájú tóbi gan-an. Kànrìnkàn òkun ti bò ó. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà tutù, ó ṣókùnkùn, ìdí nìyẹn tí ẹja tarpon méjì fi dúró síbẹ̀ láìmira. A ò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àbúrò mi dé ìdajì, mo fi àtàǹpàkò hàn án pé ó tó, ká máa gòkè: díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ká sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi tí a dúró yẹn gan-an, lórí òkìtì iyùn, ni mo ti rí ẹṣin òkun kan tó fi ìrù so mọ́ ẹ̀ka iyùn. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 72 kò fún mi láyọ̀ tó o.

Ọjọ́rú

Ní ìhà gúúsù, òkìtì iyọ̀ funfun ló ń kọ́kọ́ yọ sójú. Wọ́n ń jẹ́ kí omi òkun wọ inú àbàtà ńlá, oòrùn àti atẹ́gùn á gbẹ ẹ́, iyọ̀ á kù. Afárá tí wọ́n fi ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ni Salt Pier. Bí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi. Lónìí, kò sí ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ irin afárá náà ti di igbó. Kànrìnkàn pupa, elése àlùkò, iyùn ọsàn, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan nínú taya tó ti pẹ́. Ìtànṣán oòrùn ń wọlé láàárín irin, ẹja kútà sì to ara wọn sínú òjìji afárá, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. A ò jìn ju mítà 12 lọ, ìgbà tí a jáde, àbúrò mi fi òǹkà rẹ̀ hàn mí láìsọ̀rọ̀: afẹ́fẹ́ tirẹ̀ àti tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Bí a ti wakọ̀ síwájú díẹ̀ la rí àwọn ilé náà. Nǹkan bíi 1850 ni wọ́n kọ́ wọn fún àwọn ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ iyọ̀. Ọ̀wọ́ kan funfun, ọ̀wọ́ kejì ní àwọ̀ erùpẹ̀. Òkúta ni ògiri wọn, ẹnu ọ̀nà wọn kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó wọlé. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó wọlé, kò lè dìde dúró. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdílé wọn wà ní Rincon, ní àríwá erékùṣù. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ wákàtí lọ wò wọ́n, kí wọ́n tó tún padà. Láàárín ọ̀sẹ̀, inú iyọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn wà, ojú wọn sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára iyọ̀ funfun. Ọdún 1863 ni wọ́n tó fòpin sí ìsìnrú náà.

Lẹ́bàá ibẹ̀ ni òpó ńlá wà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kan kí ọkọ̀ ojú omi lè mọ ibi tó ti máa kó iyọ̀. Òkúta àwọ̀ ìyeyè àwọn òmòòkùn náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára: Red Slave. Wọ́n ní ẹja ńlá pọ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ sì ń fà gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn wọ omi lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan nínú aṣọ rọ́bà jókòó sórí òrùlé ilé kan, ó ń jẹ ìpápánu. Mi ò bá a wí. Àwa ò mòòkùn níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

A gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ó dára. Ìjàpá òkun méjì, ọ̀kan ń jẹ kànrìnkàn láìbìkítà fún wa. Wọ́n fọn fèrè, a gòkè.

Ọjọ́ Ẹtì

Òní la máa mòòkùn kẹ́yìn, kì í ṣe nítorí owó. Ẹni tó ti ń mòòkùn léraléra gbọ́dọ̀ dúró tó wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Nitrogen tó ti wọ ara ń jáde díẹ̀díẹ̀; bí èèyàn bá gun òkè lójijì, á di ìfófòó gáàsì nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé. Mo ti mọ ẹni tó rò pé àlàyé ọmọdé ni. Kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Omi iwájú ilé ìtura la padà sí, kò sí ibi tó rọrùn jù ú lọ. Ẹja kìnnìún wà lábẹ́ àpáta kan, ó na gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ síta. Ó rẹwà, ẹ̀gún rẹ̀ ní oró, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Bonaire, kò ní ọ̀tá níhìn-ín, ó sì ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké. Àwọn tí wọ́n fún láṣẹ nìkan ló lè fi ọ̀kọ̀ pa á. A fi í sílẹ̀.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyùn ńlá kan tó rí kìrìbìtì, ìdajì rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ igi, ìdajì tó kù funfun báláú, ìlà láàárín méjèèjì sì mọ́ kedere. Àìsàn ni. Láti 2023 ló ti dé Bonaire, ẹran ara iyùn ni ó ń pa, ó sì lè pa èyí tó ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní ká fi oògùn apakòkòrò fọ ẹrù wa bí a bá ti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n sọ ọ́, àbúrò mi ní òfin ti pọ̀ jù. Lónìí ó kọ́kọ́ dé ibi agbada oògùn náà ṣáájú mi, ó ti bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó tún yí i padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e

A wakọ̀ lọ sí àríwá, sí ọgbà Washington Slagbaai àti adágún Goto. Ẹyẹ flamingo dúró sí ìdajì omi, orí wọn dorí kodò, wọ́n ń sẹ́ edé wẹ́wẹ́ jáde. Edé yẹn ló ń fún ìyẹ́ wọn ní àwọ̀. Ewúrẹ́ kan ń jẹ ọrọ́. Ẹnìkan yẹ kó lọ kọ́ ọ̀nà tó ń gbà jẹ ẹ̀gún yẹn.

Ọ̀sán tó kù lọ sórí fífọ ẹrù. Omi tútù sínú ẹ̀wù afẹ́fẹ́, mì í, dà á jáde, tún un ṣe títí iyọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Fi omi fọ ẹnu ẹ̀rọ ìmí, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí omi wọ ibi tó ń so mọ́ sílíńdà. Àbúrò mi fi ẹ̀rọ wọ̀n báàgì rẹ̀, ó ju ìwọ̀n lọ, ó sì ń wá ohun tó máa yọ. Aṣọ rọ́bà mi kò tíì gbẹ. Mo ti fi sínú ọ̀rá, òkè pátápátá ló máa wà nínú báàgì. Ọkọ̀ òfurufú máa gbéra láàárọ̀ ọ̀la.